Àpò Tó Kàn Láti Kó Èésú

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá wọkọ̀ láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́. Ó ní òun fẹ́ kó owó ìfẹ̀yìntì òun síbi tí yóò ti bímọ. Wọ́n darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ọláńrewájú, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Arakale tí wọ́n ti ń báni dókòwò. Ọláńrewájú mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó kàn fẹ́ràn àlàyé ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀ ni.

Ó tẹ́ ìwé kan síwájú ìyá náà. Orúkọ àpò ìdókòwò márùn-ún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mú wá fún ọdún mẹ́ta. Ìgbéga ló gba ipò kìíní ní 2021, Àṣeyọrí ní 2022, Ọ̀kín ní 2023. Àkọ́dá ló ń ṣe ìkẹyìn lọ́dọọdún. Ìrọ̀rùn wà láàárín, kò sáré, kò sì ṣubú.

Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá gbé awò sójú. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe olórí èésú àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, kò sì sí ẹni tó gbójúgbóyà kó o lẹ́ẹ̀mejì lójú rẹ̀ kí àwọn yòókù tó kó tán.

"Àkọ́dá ló kàn," ó ní.

"Báwo ni, mà?"

"Ìgbéga ti kó. Àṣeyọrí ti kó. Ọ̀kín kó o lọ́dún tó kọjá. Ta ló wá kù?"

"Ìrọ̀rùn náà ò tíì kó, mà."

"Ìyẹn ò bá wọn dá a. Ṣé o ò rí i pé ńṣe ló kàn jókòó tì wọ́n ni?"

Ẹ̀rín gbọ̀nà ọ̀fun Ọláńrewájú, ṣùgbọ́n ìyá náà dàgbà ju ìyá tó bí i lọ, ó bá gbé e mì.

"Mà, èésú kọ́ lèyí. Nínú èésú, ẹ ti to orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń pín in fún wọn. Àkọ́dá lè ṣe ìkẹyìn fún ọdún mẹ́wàá gbáko." Ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, tó sọ pé èrè àná kì í ṣe ìlérí èrè ọ̀la. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mà. Ẹ má wo ẹni tó gba ipò kìíní nìkan. Ẹ béèrè bó ṣe ṣe lọ́dún tí nǹkan le, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń yọ níbẹ̀, kí ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ máa nílò owó yín."

Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Èwo lo fi tìrẹ sí?"

"Ìrọ̀rùn ni, mà. Owó ìgbéyàwó èmi àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni. Ìparí ọdún tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣe é, owó náà nìkan ni mo sì ní. Mi ò lè fi ṣeré."

"O káre," ni Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá wí. "Àmọ́ Àkọ́dá ló kàn."

Ọláńrewájú fún un ní fọ́ọ̀mù kó lọ kọ ọ́ nílé, kó sì dá a padà sí ọ́fíìsì wọn tó wà ní Oǹdó, nítòsí ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí òṣìṣẹ́ tuntun tó dé Arakale tí kò gbọ́ ìtàn ìyá tó ń ka àpò ìdókòwò bí ẹni ń ka orúkọ ẹlẹ́gbẹ́ èésú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, èsì ọdún jáde. Àkọ́dá ló gba ipò kìíní, ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ jìnnà réré. Ọláńrewájú wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì.

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìrọ̀rùn ti mú èrè kékeré rẹ̀ wá, bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n àtòjọ ẹrù ìdána tí àwọn àna rẹ̀ kọ ránṣẹ́ kò kéré rárá. Ó mọ ohun tí òun yóò sọ fún oníbàárà tó bá wà ní ipò òun. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló pe ìyá náà ní Oǹdó.

"Ẹ kú oríire o, mà! Àkọ́dá ti kó o!"

"Mo gbọ́ o. Ó mà kó o lóòótọ́."

"Mà... ta ló wá kàn báyìí?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọláńrewájú! Ó dáa. Tó bá jẹ́ èésú ni, gbogbo wọn ti kó tán, ìbẹ̀rẹ̀ la máa padà sí. Ìgbéga ló kàn."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ọláńrewájú ti kó gbogbo owó ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò nínú Ìrọ̀rùn, ó ti kó o sínú Ìgbéga. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ní kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fi ọgọ́rùn-ún ènìyàn kún àwọn tí wọ́n máa pè.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá fúnra rẹ̀ yọ sí Arakale, òun àti iṣu ńlá mẹ́fà. Gbogbo ọ́fíìsì dìde fún un. Ẹnìkan gbé àga wá, ẹlòmíràn ti mú bírò lọ́wọ́, ó ń dúró de orúkọ àpò tó bá tẹnu rẹ̀ jáde.

"Ọpẹ́ ni mo wá dá," ó ní, ó sì gbé iṣu náà síwájú Ọláńrewájú. "Ẹni tó gbani nímọ̀ràn rere, ó yẹ ká kí i."

"Èmi kẹ̀, mà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé Àkọ́dá ló kàn!"

"Àkọ́dá wo? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: mi ò tíì dé Oǹdó lọ́jọ́ náà tí mo ti rò ó pé ọmọ tó fi owó ìyàwó rẹ̀ síbì kan mọ ohun tó rí níbẹ̀, ni mo bá kọ Ìrọ̀rùn sínú fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà ni owó mi sì wà títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ."