Ẹtu Kò Jẹ́ Orúkọ Àìsàn

Ẹ sún mọ́ mi, àlọ́ mi já geere, ó já sí oko Ẹtu.

Àìsàn ọpọlọ ń ṣe Ẹtu. Ó ń mu àgbo rẹ̀ láràárọ̀, iṣu rẹ̀ sì ń ta ju ti gbogbo ẹranko lọ. Síbẹ̀, "Alárùn-ọpọlọ" ni wọ́n ń pè é. Bó rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àìsàn ti dé. Bó bínú, wọ́n á ní ó ti dé.

Ìkookò ọlọ́kànjúwà lọ bá Ẹkùn ọba. "Kábíyèsí, alárùn-ọpọlọ kò lè dá oko. Ẹ fa oko rẹ̀ lé mi lọ́wọ́."

Ẹkùn ránṣẹ́ pe Ẹtu. Nígbà tí Ẹtu dé ààfin tó gbọ́ ohun tí Ìkookò wí, ó dá orin, àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀ sì ń gbè é:

Ta ló kọ ebè?
*Ẹtu ni, Ẹtu.*
Àìsàn kò mọ ọkọ́ ọ́ dì mú,
*Ẹtu ni, Ẹtu.*

Ẹkùn wo Ìkookò. "Ikọ́ ti ń ṣe ìwọ náà láti ìgbà ọyẹ́. Ta ni kí n fa oko tìrẹ lé lọ́wọ́?"

Ẹkùn ní kí Ẹtu máa lọ sóko rẹ̀.

Nígbà tí òjò rọ̀, àìsàn náà tún gbé Ẹtu dálẹ̀. Òkété, aládùúgbò rẹ̀, ló ń gbé àgbo fún un. Lọ́jọ́ tó lè dìde, koríko ti bo oko. Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ọ̀nà, ó sì ń ro ó lọ.