Igi Tí Alásè Fi Dáná

Alásè ń fẹ́ iná lábẹ́ ìkòkò nígbà tí aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn já sí ẹ̀yìnkùlé. Ohùn rẹ̀ ti ha. Látàárọ̀ ló ti ń wàásù fún àdúgbò pé gígé igi ló ba ojú ọjọ́ jẹ́, tó sì sọ wọ́n di olùpọ́njú.

"Ìyá, ẹ kọ etí ikún sí mi. Igi lẹ tún fi ń dáná."

"Oúnjẹ tiyín ni mò ń sè, ọmọ mi."

"Igi wo lẹ wá gé?"

"N ò gé igi kankan. Pátákó àkọlé tí ẹ rì mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ wá gbin igi lésìí ni. Nínú gbogbo ohun tí ẹ gbìn, òun nìkan ni kò kú."