Èékánná Àjàdí

Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe sin Àjàdí ẹ̀gbọ́n mi, àpótí rẹ̀ ò sì ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Òwò ló bá kúrò ní Èjìgbò lọ sí Góòlù Kóòsì kó tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà níbẹ̀, tí òyìnbó kó wọn lọ jagun ní Bọ́mà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló mú irun àti èékánná rẹ̀ wálé, tó sọ fún wa pé ó ti kú. A sin wọ́n sẹ́yìnkùlé bí ẹni sin òun gan-an.

Lọ́dún kẹta, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo gbọ́ ìró bàtà ṣọ́jà, kò, kò, kò, bí ẹni ń rìn lórí àpáta. Ẹrẹ̀ sì ni gbogbo ojú ọ̀nà wa. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà dìde, wọ́n lọ láìké.

"Àwẹ̀ró, fún mi lómi mu."

Ohùn rẹ̀ ni! Mo sáré bomi, mo gbé fìtílà dání.

"Bùọ̀dá mi! Irọ́ ni wọ́n pa fún wa! A ti sin irun àti èékánná yín!"

"Ibo lẹ sin wọ́n sí?"

Ẹnu mi tí kì í dúró! Mo ní, "Ìdí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ni."

Ó nawọ́ gba igbá omi. Ìka rẹ̀ márààrún ń dán bí òkúta odò, kò sí èékánná kan níbẹ̀. Ó rọra gbé omi náà sílẹ̀ láìmu ún.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "lọ bá mi mú ọkọ́ wá."