Wọ́n Sun Tùràrí Òkú fún Màmá Thoại Tó Ṣì Wà Láàyè

Ẹ má ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kẹ́ ẹ wá gbójú kúrò. Ẹ kà á tán pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín àgbà ṣì wà láyé.

1.

Ní ìlú wa, Quy Nhơn, etí òkun, kò sẹ́ni tí kò mọ Màmá Thoại. Iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń din bánh xèo, àkàrà ìrẹsì pẹlẹbẹ. Á da ìyẹ̀fun ìrẹsì pípò sínú agbada gbígbóná, á ta edé tútù lé e, á hó ṣàà! Etí rẹ̀ á gan, á máa dún kàkà lábẹ́ eyín. Ẹ ó fi ewé tútù wé e, ẹ ó tì í bọ omi ẹja oníyọ̀, ó di ẹnu.

Nígbà ọdún tuntun, Uyên, ọmọ ọmọ rẹ̀, wá kí i láti Saigon, ìlú ńlá. Ọmọbìnrin yìí jẹun! Láàárọ̀, bánh xèo níwájú ìta. Lọ́sàn-án, ọbẹ̀ ẹja kíkan àti ìrẹsì nínú ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó tún ti padà sídìí agbada.

"Rọra o, Uyên! Ṣé wọn kì í jẹun ní Saigon ni?"

"Màmá, ti Saigon ò jọ eléyìí rárá. Ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ta ni mo fẹ́ kọ́ bí kò ṣe ìwọ? Káṣọ ọwọ́ ẹ sókè, kó o bọ́ síbí."

Ó kọ́ ọ, kò fi ohunkóhun pa mọ́.

2.

Uyên padà sí Saigon, ó ṣí ilé oúnjẹ. Ọjà ò yá. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan jẹun tán, ó bi í pé, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀: "Ìyá mi àgbà ni, kó tó kú."

Omi lé ròrò sí obìnrin náà lójú. Ó ní òun náà ti sin ìyá òun. Nígbà tó máa padà wá, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dání.

Irọ́ náà dùn mọ́ Uyên lẹ́nu. Ó gbé fọ́tò Màmá, èyí tó yà nígbà ọdún, sínú férémù dúdú. Ó gbé e kọ́ ògiri, ó to èso síwájú ẹ̀, ó sun tùràrí sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú. Ó tún ń ṣe fídíò: "Nígbà tí Màmá fẹ́ mí èémí ìkẹyìn, ó fà mí lọ́wọ́ mọ́ra, ó ní, 'Uyên, má jẹ́ kí agbada mi tutù.'"

Kíá, ilé oúnjẹ kún dẹ́nu ọ̀nà. Bí Lượng, àbúrò ìyá ẹ̀, bá pè pé Màmá fẹ́ wá kí i, á ní, "Ẹ má tíì wá o, mò ń tún ṣọ́ọ̀bù ṣe."

3.

Ngân, aládùúgbò wa, lọ sí Saigon, ó jẹun níbẹ̀, ó sì rí fọ́tò náà. Ó sunkún wálé. Ó ra òdòdó funfun tí wọ́n ń gbé lọ sílé ọ̀fọ̀, ó di ilé Màmá Thoại. Ta ló bá nídìí agbada?

"Yéè!"

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Màmá... ẹ̀yin ni."

"Èmi? Ìgbà wo? Wọn ò sọ fún mi!"

Nígbà tí Ngân rojọ́ tán, inú bí Lượng. Ó fa fóònù yọ láti pe Uyên. Màmá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. "Òkú kì í pe èèyàn lórí fóònù. A máa lọ bá a níbẹ̀ ni."

Àwọn ẹbí ní kó fi sílẹ̀, kí ìtìjú má bàa bá ilé.

"Ìtìjú ta ni? Ṣé èmi ni mo purọ́? Mo fi iná agbada tọ́ ìyá ẹ̀, mo fi tọ́ òun náà, ó wá ń sun tùràrí sí mi nímú. Mò ń lọ!"

4.

Ọ̀sán gangan ni Màmá wọ ilé oúnjẹ Uyên ní Saigon, àkẹtẹ̀ ọjà lórí. Gbogbo àga ti kún. Ó lọ tààrà síwájú fọ́tò ara ẹ̀, ó ti tùràrí bọ omi, ó fa àga, ó jókòó sábẹ́ ẹ̀.

"Ẹ gbé bánh xèo wá. Ebi ń pa òkú."

Àwọn oníbàárà gbójú sókè. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo Màmá. Uyên jáde láti ilé ìdáná, ó sáré wá bá a.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn. Àwọn oníbàárà ń wò wá."

"Kí wọ́n wò mí dáadáa! Àwọn ló sunkún mi, àwọn ló yẹ kó rí mi."

"Nítorí ọjà ni, Màmá."

"Tó o bá sọ fún wọn pé mo wà láàyè, ṣé adùn ẹ̀ máa dínkù ni?"

Uyên gbé bánh xèo síwájú ẹ̀. Màmá jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó já fọ́tò kúrò lára ògiri, ó fi há abíyá. Bó ṣe ń jáde, obìnrin oníbàárà tó kọ́kọ́ sunkún níbẹ̀ dìde. "Ìyá tèmi kú lóòótọ́," ó sọ fún Uyên. "Tábìlì yìí ni mo ti sunkún ẹ̀." Ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Wọ́n ti ká gbogbo ẹ̀ sórí fóònù, fídíò náà tàn káàkiri, oníbàárà ò sì wá mọ́. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, bàtà ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

5.

Uyên wálé. Ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú agbada, ó tẹrí ba. "Màmá."

Màmá gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, oníbàárà wa. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa jẹun?"

Ìyá àgbà ló ń pe ọmọ ọmọ ẹ̀ ní "ẹ" yẹn o. Uyên bú sẹ́kún.

"Màmá, ọmọ yín ni," Lượng bẹ̀bẹ̀.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ní ìyá òun àgbà ti kú. Ọjọ́ tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ òtítọ́ fún gbogbo àwọn tó purọ́ fún, á padà di ọmọ mi. Kó tó dìgbà yẹn, oníbàárà ni."

Uyên jẹun pẹ̀lú omijé. Ó ṣì ń wá títí di òní. Kò tíì sọ ọ́. Màmá ò sì tíì yé pè é ní "ẹ".

Mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi ẹ̀mí ìyá yín polówó ọjà. Irọ́ tó bá ń kó èrò wá bá yín lónìí, òun náà ló máa lé wọn dànù, ẹ ò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Màmá Thoại le jù, kó wá sọ fún un lójú. Ó wà níwájú ilé ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ara ẹ̀ le kókó, ó ń din bánh xèo.