Ìlẹ̀kẹ̀ Ọwọ́ Yétúndé

Inú mi dùn láàárọ̀ àná. A fẹ́ yan olùtọ́jú ọkàn fún Yétúndé, ọmọ ọmọ mi, tí kì í jẹun dáadáa mọ́, tí kì í bá wa sọ̀rọ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ jókòó tì í, èmi náà jókòó, mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ohùn àwọn olùtọ́jú ń jáde lára ẹ̀rọ inú ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ ọmọ, tó ń fi bí inú rẹ̀ ṣe rí hàn, bá tan iná aláwọ̀ ewé fún, òun la máa mú.

Ohùn ń kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ ò tàn. Ìyá rẹ̀ ń nu ojú. Obìnrin kan wá béèrè pé, "Orúkọ wo lo fẹ́ kí n máa pè ọ́?"

Ìlẹ̀kẹ̀ tàn! Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fún Yétúndé bí mo ṣe máa ń ṣe, torí ọdún tí ìyá mi kú la bí i. Mo dárin: "Ìyá mi dé o, ìyá tó bí mi lọ́mọ..."

Ìlẹ̀kẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Màmá àgbà, èmi kọ́ ló bí yín o! Ọmọdé ni mí."

Mo dìde nílẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń gbé ìyá mi lé ọmọ yìí lórí, tí mo tún ń yọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mi ò kúnlẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, orúkọ wo ni kí n fi kọrin?"

"Jadésọlá. Èyí tí ìyá ìyá mi sọ mí."

Mo kọ ọ́. Mi ò lè wo ìlẹ̀kẹ̀ náà. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní kí n tún un kọ.