Fọ́tò Òjò Tí Nọ́ọ̀sì Yà

Àwọn mẹ́rin ló kù nínú ẹgbẹ́ tó ṣì ń fi fíìmù ya fọ́tò: gbẹ́nàgbẹ́nà, télọ̀, nọ́ọ̀sì àti onísítúdíò. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á pàdé ní òkè sítúdíò, wọ́n á fi péègì so fọ́tò wọn kọ́ sórí okùn, wọ́n á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin méjì péré ni wọ́n ní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ fíìmù ara rẹ̀. Ẹlòmíì ló máa bá a fọ̀ ọ́, tí yóò sì bá a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹni tó ni fọ́tò kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí àwọn tó kù á fi yìn ín tán.

Lóṣù yẹn, gbẹ́nàgbẹ́nà ò fẹ́ wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni ẹnì kan fi irin lu àbúrò rẹ̀ pa nínú òjò ìdájí, lẹ́yìn ọsibítù. Ọ̀dọ̀ onísítúdíò ni àbúrò yìí ti kọ́ṣẹ́, kó tó lọ ṣí sítúdíò tirẹ̀ sódìkejì títì, tí àwọn oníbàárà sì tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá ti wá sí àdúgbò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò rí ẹnì kankan mú. Onísítúdíò fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà nílé.

"Má dá jókòó sínú ilé, àbúrò mi," ó ní. "Wá fojú wo nǹkan tó dáa."

Ó wá. Ojú rẹ̀ pọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ láyé: kó mọ ẹni tó ṣe é.

Fọ́tò télọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò, ajá kan tó sùn fọnfọn sórí àga oníbàárà.

"Ajá yìí gbádùn ju àwọn tó ń sanwó fún yín lọ," nọ́ọ̀sì wí.

Télọ̀ fi ọwọ́ òsì bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà mú un fọhùn. Ọwọ́ yẹn ló fi ń gé aṣọ, òun ló fi ń kọ̀wé. Ìyá rẹ̀ nà án títí nítorí rẹ̀ kó tó gba kámú.

Lẹ́yìn náà, onísítúdíò so fọ́tò nọ́ọ̀sì kọ́. Òun ló bá a tẹ̀ ẹ́. Láti fèrèsé òkè ọsibítù ni nọ́ọ̀sì ti yà á, ní ìdájí kan tó ń ṣíwọ́ iṣẹ́: títì ṣófo, òjò ń rọ̀.

"Mo gé etí kan kúrò níbẹ̀," onísítúdíò wí. "Pátákó ṣọ́ọ̀bù kan ló ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́."

"Wo bí omi ṣe ń dán!" ni télọ̀ wí. "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín mà dáa o."

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ fọ́tò náà, ó fajú ro. "Àmọ́ títì yìí..."

"Òfin ńkọ́, àǹtí nọ́ọ̀sì?" Onísítúdíò rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ká yìn ọ́ tán ná." Ó na awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sí gbẹ́nàgbẹ́nà. "Ó kàn ọ́, àbúrò mi. Wo ìsàlẹ̀, lábẹ́ páànù yẹn. Fara balẹ̀ wò ó."

Gbẹ́nàgbẹ́nà fi awò náà wò ó. Ènìyàn méjì wà lábẹ́ páànù, wọn ò ju èékánná lọ. Ọ̀kan wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì onílà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ra ṣẹ́ẹ̀tì náà fún àbúrò rẹ̀. Èkejì kọ ẹ̀yìn síta, ó wọ aṣọ òjò, ó gbé irin sókè.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?" gbẹ́nàgbẹ́nà bèèrè.

Onísítúdíò bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ òsì ni," ó ní. "Ó mà ṣe o."

Gbogbo wọn wo télọ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò mí sí? Ṣé èmi nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì láyé?"

"Ìwọ lo bá àbúrò mi jà níbí lóṣù tó kọjá," gbẹ́nàgbẹ́nà wí.

"Ó ní fọ́tò mi ò já mọ́ nǹkan! Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe máa pààyàn? Ilé ni mo wà, ẹ bi ìyàwó mi..."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Ọwọ́ òsì télọ̀ ló kọ́kọ́ là, egungun yọ síta. Ó tún fi irin náà ba àgbọ̀n rẹ̀, eyín fọ́n ká sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń pariwo pé, "Ẹ dúró! Títì yẹn, ẹ gbọ́ mi ná!" Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ìgúnpá gbá a mọ́ ògiri. Télọ̀ rákò lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe ìyàwó rẹ̀, àmọ́ onísítúdíò dúró síbẹ̀, ó ń ké "Ẹ gbà wá o!" kò sì yà lọ́nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà lu télọ̀, ó tún un lù, títí orí náà ò fi jọ orí mọ́.

Nọ́ọ̀sì fìka kan ọrùn rẹ̀. "Ó ti kú," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. Wọ́n gbé òkú, wọ́n mú gbẹ́nàgbẹ́nà, wọ́n mú fọ́tò náà lọ ṣe ẹ̀rí.

"Lọ sùn, àǹtí," onísítúdíò sọ fún nọ́ọ̀sì, ó sì fi aṣọ nu ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó wọ yàrá òkùnkùn, ó yọ fíìmù òjò náà kúrò nínú ẹ̀rọ tó fi tẹ̀ ẹ́, níbi tó ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú kí ọ̀tún lè di òsì, ó yí i padà sójú tó yẹ kó kọ, ó wo ara rẹ̀ lábẹ́ páànù pẹ̀lú irin ní ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ṣáná sí i.