Abẹ̀bẹ̀ Lẹ́yìn Akinlàjà

Lálẹ́ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà ńlá tí Akinlàjà fi ń to fíìmù ìsìnkú ìyá arúgbó kan pọ̀ gbóná bí ààrò. Ó ti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé fáànù tì í, àmọ́ fáànù náà han gooro, ó sì kú. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà bá fi lè jóná, kí ni yóò sọ fún àwọn ọmọ olóòkú láàárọ̀? Ta ni yóò tún òkú sin?

Ó lọgun sí ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Dámọ́lá, jọ̀ọ́, bá mi mú abẹ̀bẹ̀ wá o!"

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rò pé àárẹ̀ ló mú ìyàwó òun. Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́: fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tutù, ó tutù débi pé ìrì ń sẹ̀ lára irin rẹ̀.

"O káre, aya mi," ló wí, kò wẹ̀yìn.

Ìgbà náà ni ohùn Ìyá Dámọ́lá dún láti ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá Dámọ́lá, ẹ ní sùúrù, mo ṣì ń wá abẹ̀bẹ̀ náà o!"

Abẹ̀bẹ̀ dúró. Akinlàjà ò lè mira. Abẹ̀bẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń fẹ́ mọ́. Ọrùn Akinlàjà ló ń fẹ́.